Ọmọ Mi, Má Fi Ọwọ́ àti Èjìká Rẹ Pamọ́ fún Dókítà

Ọmọ mi, ìwọ tí àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní bá dàgbà, tí o ti mọ bí a ṣe ń gún ara ẹni ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì láìwojú ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú, kì í ṣe ti kíndìnrín, kì í sì í ṣe ti ẹsẹ̀, nítorí pé bí o bá dé kílíníìkì, wọn yóò béèrè àwọn mẹ́ta yìí lọ́wọ́ rẹ: wọn yóò tan iná sí ọ lójú, wọn yóò gba ìtọ̀ rẹ yẹ̀ wò, wọn yóò sì ní kí o bọ́ bàtà. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti èjìká ni mo bá wá, àwọn ẹ̀yà ara tí a fi ń jẹun, tí a fi ń ṣiṣẹ́, tí a fi ń gbé ọmọ pọ̀n, tí a sì fi ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ní kí o nà wọ́n kí òun wò ó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe, mo sì ti rí i lára ọmọdé àti àgbà pé ohun tí a kò bá béèrè lọ́wọ́ aláìsàn ni aláìsàn máa ń gbé mì. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí rẹ̀ wá. Láyé àtijọ́, ọmọ tí irú àtọ̀gbẹ yìí bá mú kì í pẹ́ láyé, nítorí pé àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ ló ṣìnà, tí wọ́n sì pa ibi tí ara ti ń ṣe ínsúlínì run, kò sì sí ibòmíràn tí a ti lè rí i fún un. Ọdún 1921 ni Frederick Banting àti Charles Best, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn, rí ínsúlínì yọ jáde ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1922, wọ́n gún un fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14 tó ti rù kan eegun, ọmọ náà sì tún lo ọdún 13 sí i láyé. Láti ìgbà náà ni ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ti ń dàgbà, tó ń kàwé, tó ń gbéyàwó, tó ń lọ sílé ọkọ, tó ń bímọ, tó sì ń di ẹni tí ọmọ-ọmọ ń gun lẹ́yìn. Ọpẹ́ ni ẹ̀mí gígùn, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rìn jìnnà ni yóò rí ohun tó wà lọ́nà jíjìn, àwọn ohun tí kì í fi ojú hàn ní ọdún kìíní tàbí ọdún karùn-ún, àfi bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Ara wọn ni ọwọ́ tó ń le àti èjìká tó ń gan wà.

Ohun tó ń fà á rèé. Okùn kan wà nínú ara wa tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kọ́lájẹ̀nì, òun ló di awọ mú, òun ló di iṣan mú, òun náà ló wà nínú àpò tó yí oríkèé ká. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa lẹ̀ mọ́ àwọn okùn yìí, tí wọn yóò fi máa so mọ́ ara wọn, tí wọn yóò nípọn, tí wọn yóò sì le. O ti rí àwọn aláró tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ rí: aṣọ tó rọ̀ tẹ́lẹ̀, ibi tí ẹ̀kọ láfún bá gbẹ sí lára rẹ̀ á le gbagidi, o kò ní lè ká a bó ṣe wù ọ́. Ẹ̀kọ ti aláró ṣeé họ kúrò lẹ́yìn aró, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti lẹ̀ pẹ́ mọ́ okùn ara kò ṣeé họ bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọgbọ́n fi wà nínú pé kí a má jẹ́ kó lẹ̀ púpọ̀, kí a sì tètè mọ̀ bó bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro yìí kì í gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo wá. Àkọ́kọ́ ni ọwọ́ líle, èyí tí kì í dun ènìyàn, tí kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn ké gbàjarè. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ á nípọn, á máa dán, ìka tó kéré jù á kọ̀, kò ní nà tán, èyí tó tẹ̀ lé e á darapọ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa bọ̀ títí tí yóò fi sún mọ́ àtàǹpàkò. Ó yá, ṣe é kí èmi náà rí i: gbé ọwọ́ méjèèjì síwájú àyà, pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà òwúrọ̀, kí ìgúnpá méjèèjì yà sí ẹ̀gbẹ́. Bí àtẹ́lẹwọ́ àti ìka bá lẹ̀ mọ́ra láti ìsàlẹ̀ dé òkè, máa dúpẹ́. Bí àlàfo bá wà láàárín ìka ọ̀tún àti ti òsì, tí o tẹ̀ ẹ́ títí tí kò pàdé, ohun tí à ń sọ nìyẹn. O tún lè da àtẹ́lẹwọ́ dé orí tábìlì pẹrẹsẹ. Bí ìka bá gbé ara sókè tí kò kan pákó, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Má ṣe sọ pé níwọ̀n ìgbà tí kò ti dùn mí, kí ló kàn mí. Dókítà Arlan Rosenbloom àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti ṣàkíyèsí ọwọ́ líle yìí lára àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní láti ìgbà tí mo ṣì wà ní ọ̀dọ́, nígbà tó sì di ọdún 1981 wọ́n jábọ̀ pé àwọn tí oríkèé ọwọ́ wọn ti le ni ewu àìsàn àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín ń bá jù, irú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ojú àti nínú kíndìnrín. Ìka tó kọ̀ tí kò nà, ó ń jẹ́rìí fún ohun tí ojú kò rí. Nítorí náà, bí o bá rí i lára rẹ, lọ sọ fún dókítà rẹ, kí wọ́n sì yẹ ojú àti kíndìnrín rẹ wò lákọ̀tun, nítorí ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Èkejì ni ìka tó ń há. Iṣan tó ń ká ìka a máa gba ojú ihò tóóró kan kọjá nínú àtẹ́lẹwọ́. Bí iṣan náà bá wú tàbí tí ihò bá nípọn, ìka á ká, á sì há síbẹ̀, pàápàá ní òwúrọ̀, o máa fi ọwọ́ kejì nà án kó tó ró pọ̀kà, kó sì ṣí. Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ tó ń kú lóru. Iṣan ìmọ̀lára kan wà tó ń gba inú ọrùn ọwọ́ kọjá lọ sí àtàǹpàkò, sí ìka ìlábẹ̀, sí ìka àárín àti sí apá kan ìka tó tẹ̀ lé e. Bí ibẹ̀ bá fún un pọ̀, wà á jí lóru, ọwọ́ á ti kú tìpìrì, á máa jó, á máa ta, o máa gbọ̀n ọ́n kó tó dẹ̀. Bó bá pẹ́, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ rẹ, bọ́tìnnì á di ogun, ẹran ara ìdí àtàǹpàkò á sì máa fọn. Fún èyí, ìdè kan wà tí a máa ń wọ̀ sí ọrùn ọwọ́ bí a bá fẹ́ sùn, bí kò bá gbọ́, abẹ́rẹ́ wà, iṣẹ́ abẹ kékeré náà sì wà, gbogbo rẹ̀ sàn ju kí o máa jókòó nínú òkùnkùn lóru kí o máa gbọn ọwọ́ lọ.

Èjìká ni mo fẹ́ kí a jókòó tì, torí òun ló ń da iṣẹ́ rú jù. Ọmọbìnrin kan wà tó ń wé gèlè fún àwọn ìyàwó àti àwọn ìyá ìyàwó. Ọwọ́ rẹ̀ yá, aṣọ òkè tó le tó kí ni, bó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, á gbọ́ràn. Láti iléèwé girama ni àtọ̀gbẹ ti mú un. Lọ́jọ́ kan tó wá sí kílíníìkì, mo na fáìlì rẹ̀ sí i, ọwọ́ òsì ló fi gbà á lọ́wọ́ mi. Ọmọ tí a kọ́, tí mo mọ ìyá rẹ̀, tó jẹ́ pé láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń kúnlẹ̀, ó fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà! Mo mọ̀ pé ọ̀ràn wà ńbẹ̀. Mo ní, “Ọmọ mi, kí ló ṣe ọwọ́ ọ̀tún?” Ó ní, “Ẹ má bínú mà, kò gbé sókè ju báyìí lọ.” Ó gbé e, àyà ló dé. Mo ní kó fi kan ẹ̀yìn orí, kò kàn án. Mo ní kó fi kan ẹ̀yìn ìbàdí, ẹ̀gbẹ́ ló ti dúró, òógùn sì ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹjọ́: bí kò ṣe lè fa síìpù ẹ̀yìn aṣọ mọ́, bí kò ṣe lè fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn, bó ṣe ń dá àwọn oníbàárà padà tó ń purọ́ fún wọn pé òun rìnrìn àjò, bí àwọn kan ṣe sọ fún un pé ọwọ́ tó fi ń jẹun ni aráyé nà mọ́. Gbogbo oṣù wọ̀nyí, kílíníìkì kò sú u, ṣùgbọ́n bó bá dé, wọn á wọn ṣúgà rẹ̀, wọn á kọ ínsúlínì fún un, á sì máa lọ.

Aráyé kọ́, ọmọ mi. Àpò tó yí oríkèé èjìká ká ló wú, tó nípọn, tó sún kì, tó sì wá mú oríkèé náà há. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní “frozen shoulder”, orúkọ tí dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston, Ernest Codman, sọ ọ́ ní ọdún 1934. Ó lè mú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ló ń mú jù, ó sì máa ń mú wọn ṣáájú ọjọ́ orí tó fi ń mú àwọn ẹlòmíràn, ó lè mú èjìká kejì lẹ́yìn tí àkọ́kọ́ bá lọ, ó sì máa ń lágídí lára wọn. Ìgbà mẹ́ta ló pín sí. Ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìrora, tí èjìká á máa dùn ọ́ lóru ju ọ̀sán lọ, tí apá á sì máa kọ ìyípo díẹ̀díẹ̀. Ìgbà kejì, ìrora á rọlẹ̀ ṣùgbọ́n apá á gan, kò ní lọ síwájú, kò ní lọ sẹ́yìn. Ìgbà kẹta, á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lè gba ọdún kan, ó lè gba ọdún mẹ́ta, ẹlòmíràn sì wà tí kò ní gba apá náà padà tán, pàápàá nínú àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí. Bí dókítà bá sọ pé òun ló ṣe ọ́, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò ẹ̀yà ara tó wà níwájú ọrùn tí wọ́n ń pè ní “thyroid”, nítorí pé ó máa ń ṣàìsàn lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, òun náà sì máa ń bá èjìká gígan rìn.

Ìtọ́jú rẹ̀, sùúrù ló fẹ́, sùúrù tí kì í ṣe ìmẹ́lẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo ti rí àwọn tó lọ bá ẹni tó ń to eegun, tí ó gun wọn mọ́lẹ̀, tó fa apá náà títí tí wọ́n fi sunkún, tí wọ́n dé ilé tí èjìká sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ bá àwọn tí iṣẹ́ físíò jẹ́ iṣẹ́ wọn, kí wọ́n wò ọ́, kí wọ́n kọ́ ọ ní èyí tó yẹ ìgbà tí o wà, nítorí pé ohun tó bá ìgbà apá gígan mu, ó lè pọ̀ jù fún ìgbà ìrora. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọn yóò kọ́ ọ kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Wọn yóò ní kí o fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ kí ara kọ́kọ́ dẹ̀. Wọn yóò ní kí o tẹ̀ síwájú, kí o fi ọwọ́ tó dá ṣáṣá ti tábìlì, kí o jẹ́ kí apá tó ń dùn rọ̀ sílẹ̀, kó máa fì síwájú sẹ́yìn, kó máa yípo, láìfi agbára sí i. Wọn yóò ní kí o dojú kọ ògiri, kí o máa fi ìka rìn gòkè níbẹ̀ títí dé ibi tí ara bá gbà, kí o dúró, kí o sì máa bọ̀ wálẹ̀ pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀. Bó bá yá, wọn yóò ní kí o di táwẹ̀ẹ̀lì mú lẹ́yìn, ọwọ́ kan lókè, ọwọ́ kan nísàlẹ̀, kí èyí tó dá máa ran èyí tó gan lọ́wọ́, nítorí ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún lọwọ́ fi ń mọ́. Ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀, kí ìrora má kọjá èyí tó ṣeé mú mọ́ra. Ẹni tó bá so apá kọ́ ọrùn tí kò lò ó mọ́ ń ran àìsàn náà lọ́wọ́.

Abẹ́rẹ́ kan tún wà tí dókítà lè gún sí oríkèé èjìká, tàbí sí ibi tí ìka ti ń há, tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì. Ó dára, ó máa ń dín ìrora kù, pàápàá bó bá tètè dé. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí dáadáa: abẹ́rẹ́ náà máa ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹni tó sì ní oríṣi kìíní kò ní ínsúlínì kankan nínú ara tí yóò fi pàdé rẹ̀ àfi èyí tó bá gún. Nítorí náà, kí wọ́n tó gún un fún ọ, jẹ́ kí ẹni tí yóò gún un mọ irú àtọ̀gbẹ tí o ní, kí ìwọ àti dókítà àtọ̀gbẹ rẹ sì ti jọ sọ bí wà á ṣe máa wọn ṣúgà lemọ́lemọ́ àti bí wà á ṣe fi kún ínsúlínì ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Bí gbogbo èyí kò bá ṣí èjìká, iṣẹ́ abẹ wà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ onígèlè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, físíò àti abẹ́rẹ́ kan ló fi rìn ín; ó lé ní ọdún kan kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ẹ̀yìn orí, kò sì gòkè bíi ti òsì títí dòní, ṣùgbọ́n ó ti padà sídìí gèlè wíwé.

Nǹkan díẹ̀ wà tí mo fẹ́ kí o yàgò fún bí ẹní yàgò fún iná. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọ pé abẹ́rẹ́ ínsúlínì ló gan èjìká rẹ, pé kí o fi sílẹ̀ ná kí o máa mu àgbo, má ṣe dá a lóhùn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní tó bá fi ínsúlínì sílẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á di májèlé sí i lára, ikú ló sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọwọ́ kò bá lè dé ẹ̀yìn apá láti gún un, ikùn wà, itan wà. Bí ìka kò bá lè yí abẹ́rẹ́ tàbí fa síríńjì bó ṣe yẹ, sọ ọ́ kí a fi irú mìíràn rọ́pò rẹ̀ tàbí kí a kọ́ ẹnìkan nínú ilé, má máa fojú díwọ̀n. Má sì máa ra oògùn ìrora ní kẹ́míìsì lóṣooṣù, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn lè ba kíndìnrín jẹ́, kíndìnrín rẹ sì ti ní ẹrù tirẹ̀ tó ń gbé. Bí o bá fẹ́ fi omi gbóná jó èjìká, kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ tọ́ omi náà wò, nítorí awọ tí àtọ̀gbẹ ti mú ìmọ̀lára rẹ̀ dín kù lè bó láìmọ̀. Kí o sì tún mọ èyí: èjìká òsì tàbí apá òsì tó dédé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, tí òógùn ń bò ọ́, tí èémí ń ké, tí àyà ń fún, ọ̀rọ̀ èjìká kọ́, ọ̀rọ̀ ọkàn ni, ilé ìwòsàn lẹsẹ̀kẹsẹ̀.

Ọwọ́ tún ní ewu kan ní ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ọdún 1984 ni dókítà kan láti Nàìjíríà ti kọ ìròyìn nípa àwọn alátọ̀gbẹ tí egbò kékeré ọwọ́ wọn di ńlá, lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà ní Dar es Salaam ní ilẹ̀ Tanzania kọ púpọ̀ sí i nípa rẹ̀. Nǹkan tí a fojú rénà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ẹ̀gún ẹja, ọ̀bẹ ìdáná, kòkòrò tó jẹni, epo gbígbóná tó ta síni lára. Ọwọ́ á wú, á gbóná, ẹni náà á fi epo àti ewé pa á, á ní yóò lọ, nígbà tó bá fi máa dé ilé ìwòsàn, egbò ti jẹ dé eegun, ìka ń bẹ nínú ewu, ẹ̀mí pàápàá ń bẹ nínú ewu. Bí ọwọ́ rẹ bá ní egbò, fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, bò ó, wọn ṣúgà rẹ. Bó bá wú, tó pọ́n, tó ń gbóná tàbí tó ń ṣọyún, má sùn tì í. Nígbà tí o bá sì ń gún ìka láti wọn ṣúgà, ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí o máa gún, kí o sì máa pààrọ̀ ìka, kí ibi tí a fi ń mọ nǹkan lára má le.

Wàyí o, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀tẹ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn onímọ̀ kó ènìyàn 1,441 tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní jọ láti ọdún 1983 sí 1993, wọ́n sì ń bá wọn bọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2014, nígbà tí àwọn ènìyàn náà ti bá àìsàn yìí gbé fún nǹkan bí ọdún 30, ni pé nínú mẹ́ta, méjì ló ti ní ó kéré tán ọ̀kan nínú àwọn ìṣòro ọwọ́ àti èjìká tí mo ti ń kà sílẹ̀ bọ̀, èjìká gígan ló sì ṣíwájú. Wọ́n rí i pé bí ọdún bá ṣe ń pọ̀ tó, tí ṣúgà sì ń ga tó láti ọdún dé ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ìṣòro yìí ṣe ń pọ̀ tó. Ọdún kò sí lọ́wọ́ wa, a kò sì ní bẹ Ọlọ́run pé kó dín in kù. Ti ṣúgà ló wà lọ́wọ́ wa. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní A1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, má ṣe jẹ́ kó jìnnà sí ọ. Mo mọ̀ pé ínsúlínì ti wọ́n, mo mọ̀ pé bébà tí a fi ń wọn ṣúgà kò rọrùn fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo sì mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣọ́ ínsúlínì lò kó lè dé òpin oṣù. N kò ní dá ọ lẹ́bi fún ohun tí àpò rẹ kò ká, ṣùgbọ́n má ṣe fi ojú tì ọ́ débi pé o kò ní sọ ọ́, nítorí dókítà tó mọ̀ pé owó ni ìṣòro lè wá èyí tí owó rẹ á ká, ẹni tí kò mọ̀ yóò kàn máa bá ọ wí ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín náà. Ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ tó fi òsì gba nǹkan, tó dọ̀bálẹ̀ tí àyà rẹ̀ kò kan ilẹ̀, tó kọ̀ tí kò gún iyán bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé ara le, kí ẹ tó pè é ní ọ̀lẹ tàbí aláìmọ̀wàáhù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi ẹ̀rín bo apá tó gan mọ́lẹ̀ nítorí pé wọn kò fẹ́ kí a tún fi àìsàn kún àìsàn fún wọn.

Ìwọ ọmọ mi, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Nígbà mìíràn tí o bá dé kílíníìkì, kí o tó gba ínsúlínì rẹ, kí o tó dìde lórí àga, pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ méjèèjì pọ̀ níwájú dókítà, gbé apá rẹ méjèèjì sókè títí dé ibi tí wọ́n bá gbé e dé, kí o sì sọ fún wọn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọwọ́ àti èjìká mi.” Bí kò bá sí nǹkan kan, wọn yóò kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ pé kò sí, bí ọdún bá sì yí po, kí o tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wò ó.